Ọ̀nà Iṣẹ́, Ọ̀nà Uṣẹ́

Kí àìsàn tó dé, ọkọ mi ti ń kọ ìwé ìṣirò kan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ebè iṣu ló fi ń kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀, ó ní kò sí ọmọ Odò-Ọwà tí kò mọ ebè. Inú kọ̀ǹpútà tí ọmọ wa gbé wá láti Ìlọrin ló ń kọ ọ́ sí. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, tí ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, dókítà ní kí a jẹ́ kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohunkóhun tó bá lè ṣe. Ohun kan ṣoṣo ló wù ú: kí ó jókòó, kí ó sì fúnra rẹ̀ ṣí ìwé yẹn. Bí mo bá na ọwọ́ láti bá a ṣí i, á gbá a dànù.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ní apá méjì nínú. Dọ́ọ̀sì, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, wà ní apá kìíní, òun sì ni ọkọ mi mọ̀. Ètò mìíràn, Línúsì, wà ní apá kejì. Ọmọ wa ń lò ó fún iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá wálé, a kò sì lè tìtorí tiwa pa á rẹ́. Bí a bá ti tan ẹ̀rọ náà, á béèrè apá tí a fẹ́. Ọwọ́ òsì ọkọ mi á tẹ èyí tó bá bá pàdé.

Nígbà náà, a kì í nàka sí àwòrán lójú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ la ń kọ, ẹ̀rọ á sì máa wá a kiri àwọn yàrá inú rẹ̀, níbi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, tí a bá ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún un. Orúkọ yàrá wọ̀nyẹn lápapọ̀ ni ọmọ wa ń pè ní páàtì.

"Páàtì kẹ̀? Ta ló ń ṣe ọjọ́ ìbí?"

"Mọ́mì, ọ̀nà ni. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sí lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ á ní òun kò mọ̀ ọ́n rí ni."

Ọ̀rọ̀ tí a yàn láti máa fi ṣí ìwé náà ni ise, ìyẹn iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kò gba àmì sábẹ́ lẹ́tà, kò sì gba àmì ohùn; mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní láti ṣe é, nítorí irinṣẹ́ tó ń ṣí ìwé ní apá kan kò lè ṣiṣẹ́ ní apá kejì, bí a tilẹ̀ fi ọ̀nà hàn án. Ní apá kìíní, sẹmikólọ́nì ló ń pààlà láàrin ọ̀nà kan àti òmíràn, igi, ìlà tó ń dúró láàrin orúkọ yàrá, sì fẹ̀yìn tì. Ní apá kejì, kólọ́nì ni, igi sì tẹ̀ síwájú. Apá kìíní kò bìkítà fún lẹ́tà ńlá. Ní ti apá kejì, ẹni ọ̀tọ̀ ni Ise, ẹni ọ̀tọ̀ ni ise. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí iná wà, ọkọ mi tẹ ise, ìwé sì ṣí. Ó yíjú sí mi.

"Tíṣà," ó ní, ó sì pẹ́ kí ìyókù tó jáde, "mo yege?"

"Ẹ yege, Bàbá. Ẹ kàn jókòó dáadáa."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ use. Èdè ìwé ń lọ, èdè ilé ń padà bọ̀. Ní agbègbè Òkè-Èrò wa níbí, ulé là ń pe ilé, uṣẹ́ là ń pe iṣẹ́. Nínú kíláàsì mi, bí ọmọ bá ní uṣẹ́, màá ní, "Nílé nìyẹn. Níbí, iṣẹ́ ni."

"Bàbá, i ni, kì í ṣe u."

Ó tún tẹ use. Ẹ̀rọ ní òun kò rí i.

"Uṣẹ́ mi dà?" Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé e pamọ́.

Mo kọ use sí apá méjèèjì. Nígbà tí ọmọ wa rí i, ẹ̀rín pa á.

"Mọ́mì! Ẹ̀yin lẹ gba uṣẹ́ wọlé? Ẹgba mélòó ni mo jẹ nítorí u yìí?"

"Kò tíì tó."

Lẹ́yìn use, ó di us. Mo kọ us. Ó di se, ó di uu. Mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ń la ọ̀nà síbi tó bá gbé ẹsẹ̀ lé, ní apá méjèèjì. Yàrá tí mo yà sọ́tọ̀ fún wọn kún fún orúkọ, ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì já sí.

Nígbà tó yá, ó tẹ su. Apá kejì ti ní su tirẹ̀, àṣẹ kan tó bá ẹ̀rọ wá: ọ̀rọ̀ àṣírí ló máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè, ọkọ mi sì jókòó síwájú ìbéèrè náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Yàrá tí ó bá ṣíwájú lójú ọ̀nà ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ yà sí, nítorí náà mo gbé yàrá tiwa ṣíwájú. Nígbà tí ọmọ wa wálé, tó tẹ su fún iṣẹ́ tirẹ̀, ebè iṣu bàbá rẹ̀ ló rí.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Màá máa kọ ọ̀nà su tèmi ní kíkún, tòun ti orúkọ yàrá rẹ̀."

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ mi kò kọ nǹkan kan mọ́. Á jókòó, á tẹ bọ́tìnnì ńlá tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ nìkan. Ẹ̀rọ á fún un ní ìlà tuntun tó ṣófo, á sì tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò ti sí ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kò ní ohun tó máa wá lójú ọ̀nà kankan. Kì í tilẹ̀ sọ pé òun kò rí i.

Mo bi ọmọ wa bóyá a lè rí nǹkan ṣe sí i. Ó ní a lè jẹ́ kí ìwé máa ṣí fúnra rẹ̀, apá yòówù kí ó wọ̀. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ ń fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n a ṣe é.

Ìwé ṣí. Ọkọ mi wò ó títí, ó wo ebè, ó wo iye.

"Uṣẹ́ ta nìyí?"

Mo sọ fún un pé tirẹ̀ ni. Ó rọra mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí àlejò tí kò fẹ́ bá onílé jiyàn.