Àga Tí Palmira Sùn Sí

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Olindo Berzaghi, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó lé lógójì ọdún tó fi ya ilé, àtùpà, ìkòkò kọfí àti àga ní Milano. Àwọn ilé tó yà ti ń sán lára, àwọn àtùpà rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Àga onígi kan ṣoṣo ló kù tí ayé fi ń rántí rẹ̀. Ẹni bá jókòó lé e kì í fẹ́ dìde.

Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ máa ṣe àga náà padà. Wọ́n mú àwòrán àtijọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ gé igi gẹ́lẹ́ bí ìlà ṣe wí, wọ́n jókòó, gbogbo wọn ń yọ̀ bọ́ síwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún un ṣe, pàbó ló já sí. Wọ́n ní bí Olindo ò bá wá nǹkan ṣe sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn á pa á tì. Bí àga yẹn bá lọ, kí ló wá fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe?

Ló bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lissone, ìlú àwọn káfíńtà, sọ́dọ̀ Gaudenzio, káfíńtà tó bá a kan àga náà. Láàárín àwọn káfíńtà ibẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún akitẹ́ẹ̀tì bíi Olindo lójú pé ó ṣe àṣìṣe. "Bẹ́ẹ̀ ni, Akitẹ́ẹ̀tì" ni wọ́n máa ń wí. Ohun tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn tó bá lọ, àwọn àti igi ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọdún yẹn, Olindo rò pé wọ́n ń gbọ́ràn ni.

Orúnkún Gaudenzio ti kọṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bérébéré. Palmira aya rẹ̀ gbé kọfí wá fún wọn ní kíṣíìnì. Olindo béèrè ìwọ̀n tó lò fún ìjókòó àga náà.

"Ìwọ̀n wo? Palmira ni mo gbé jókòó. Ó lóyún, ẹ̀yìn ń dùn ún. Mo ń fá igi, ó ń ráhùn. Nígbà tó dákẹ́, mo gbé ìfági sílẹ̀."

"Irọ́ ni," ni Palmira wí. "Oorun ló gbé mi lọ."

Olindo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Irú àga méjìlélógún ni òun àti Gaudenzio jọ ṣe. Ó béèrè èwo nínú wọn ni Gaudenzio ò tún fá lẹ́yìn tí òun ti lọ.

Gaudenzio ti ife sún mọ́ ọn. "Ẹ mu kọfí yín, Akitẹ́ẹ̀tì, ó ń tutù."

"Ẹ dá mi lóhùn. Mo ti dàgbà ju ìtìjú lọ."

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè yẹn. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́dún náà."

Olindo rántí. Kí Kérésìmesì tó dé lọ́dún náà, àlùfáà ti kó gbogbo rẹ̀ sí àjà, nítorí àwọn ará ìjọ ní ó sàn káwọn wà lórí ìdúró.

Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ò jẹ́ kó bínú. Àga tí Palmira sùn sí, àkọ́kọ́ tí wọ́n kàn, ṣì wà ní kíṣíìnì yẹn. Ó kúnlẹ̀ tìrora-tìrora, ó fi okùn wọ̀n ọ́n, ó tún ìlà àwòrán àtijọ́ tó mú wá fà. Lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ Gaudenzio sókè tirẹ̀.

"Ẹ pa á rẹ́," ni Gaudenzio wí. "Wọ́n á ní ẹ ò mọ̀ ọ́n yà."

"Wọn ò ní parọ́," ni Olindo dáhùn, ó sì mu kọfí rẹ̀, tó ti tutù.