Kọ̀ǹpútà Inú Yàrá Ìyá

Mo rántí ìgbà tí àdúrà àárọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí Ọlọ́run jẹ́ kí fódà ṣí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń tọrọ ọkọ, wọ́n ń tọrọ ọmọ, èmi ń bẹ Ọba òkè nítorí àwòrán kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan lójú kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń kó ìwé sí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá parí, yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Iwájú rẹ̀ kọjú sí títì tó ń lọ sí Ọjà'ba, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sí ọ̀nà tóóró kan tí èèyàn lè gbà yọ sí Bẹyẹrúnkà. Atẹ̀wé ni bàbá tó kọ́ ilé náà, ọ̀kan lára àwọn tó ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan láyé àtijọ́. Nígbà tó kú, ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ló jogún iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n, tí í ṣe ọ̀gá mi, mú iwájú ilé, ó ra kọ̀ǹpútà, ó gbà mí láti máa táìpù ìwé fún àwọn oníbàárà. Àbúrò mú ẹ̀yìn ilé níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá wà, òun náà sì ra kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìwé tí a bá táìpù ní iwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ó dùn bí oyin.

Ọ̀rọ̀ pátákó ló dá ìjà sílẹ̀. Pátákó ara ògiri ti gbó, wọ́n fẹ́ kun òmíràn, àbúrò wá ní kí orúkọ òun náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní orúkọ bàbá ti tó. Àbúrò ní bàbá kò sí láyé mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ kan bí òmíràn títí wọ́n fi fi búlọ́ọ̀kù dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó so iwájú ilé mọ́ ẹ̀yìn, tí ọmọ ìyá méjì fi di aládùúgbò tí kì í kí ara wọn.

Yàrá ìyá wọn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò láyà láti dí. Àárín gbùngbùn ilé ló wà, ilẹ̀kùn kan ṣí sí iwájú, èkejì ṣí sí ẹ̀yìn. Ọ̀gá mi ń gba ti iwájú wọlé kí Ìyá láàárọ̀, àbúrò ń gba ti ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá ti gbọ́ ohùn èkejì nínú yàrá, yóò yí padà. Aládùúrà ni Ìyá, ẹni jẹ́jẹ́, wọn kì í pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mo bá wọn pọnmi, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ. Kí àwọn ọmọ yìí jókòó sórí ẹní kan ṣoṣo níṣojú mi. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ibi ìsìnkú mi ni wọ́n ti máa pàdé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn. Mo ní, "Ọlọ́run á gbọ́, Màmá."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjọ Ìyá fẹ́ tún ìwé orin wọn tẹ̀ fún ọdún ìkórè. Ìyá ló bá àwọn àgbà ìjọ sọ ọ́ tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà wá sílé wa, Ìyá náà ló sì là á sílẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni yóò táìpù, àbúrò ni yóò tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀kan bá kọ̀, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Òkè-Àdó. Ta ni yóò fẹ́ kí iṣẹ́ ìjọ ìyá òun kọjá lọ sílé ẹlòmíràn? Àwọn méjèèjì gbà, láì wo ojú ara wọn.

Èmi ni mo di ìránṣẹ́. Bí mo bá táìpù orin díẹ̀, màá kó o sínú díìsìkì, màá jáde sí títì, màá yí ilé po, nítorí ẹnikẹ́ni kì í gba yàrá Ìyá kọjá nígbà náà, màá gba àárín àwọn oníkòkò àti àwọn ọlọ́ṣẹ dúdú kí n tó dé ẹ̀yìn. Díìsìkì ayé ìgbà náà kò lè gbé ẹrù wúwo. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò àwọn àgbà ìjọ sínú ìwé, kò gbà á mọ́. Eruku kò sì jẹ́ kí ó pẹ́ láyé. Mo lè rìn dé ẹ̀yìn tán kí kọ̀ǹpútà tibẹ̀ ní òfìfo ni mo gbé wá. Ìrìn náà sú mi.

Ìgbà yẹn ni mo wá sọ pé mo gbọ́n. Mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà fún oṣù mélòó kan, ìwé ẹ̀rí mi wà nínú férémù lára ògiri, mo sì gbà pé ohun tí n kò bá mọ̀ nínú iṣẹ́ náà kò tíì sí láyé. Mo ní kí a fa wáyà gba òkè àjà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí a ṣí fódà ìwé orin sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn máa wo inú rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí. A fa wáyà. Mo ṣí fódà fún gbogbo ayé, n kò fi ọ̀rọ̀ àṣírí kankan tì í. Mo sáré dé ẹ̀yìn, mo wá kọ̀ǹpútà wa títí lójú tibẹ̀, n kò rí i. Mo padà, mo yí orúkọ rẹ̀. Mo pa á, mo tún tàn án. Mo ṣí fódà tó ti wà ní ṣíṣí. Kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn ṣáà ń sọ pé òun kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n kọ́ ẹ dáadáa ṣá?"

A ránṣẹ́ pe ẹnjiníà tó to àwọn kọ̀ǹpútà náà. Ó jókòó, ó wò ó díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà, àti pé nígbà ìjà, àbúrò ti ní kí òun fún àwọn ti ẹ̀yìn ní nọ́ńbà ìdílé mìíràn, kí ohunkóhun má baà pa wọ́n pọ̀ mọ́ ti iwájú.

"Ìwọ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó dáa," ó sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ àdúgbò rẹ, báwo ló ṣe máa dé ẹnu ilẹ̀kùn? Kí ẹ̀gbẹ́ kan gba nọ́ńbà ìdílé èkejì. Iṣẹ́ tí kò tó nǹkan ni."

Iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Bí ẹni pé kò mọ ilé tó wà. Ọ̀gá mi ní, "Kí èmi ẹ̀gbọ́n wá máa jẹ́ nọ́ńbà àbúrò mi?" Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹ̀yìn, àbúrò ní kí n padà lọ sọ fún wọn pé ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ni kó wá, òun kò ní yí nọ́ńbà tòun. Ọ̀rọ̀ pátákó ti padà dé, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Odidi ìwé orin wà nílẹ̀, ọdún ìkórè ń bọ̀, ènìyàn méjì tí ọmú kan náà tọ́ ń jà lórí nọ́ńbà tí ojú kì í rí.

Ẹnjiníà họ orí. Ó ní ọ̀nà kan ṣẹ́kù. Kí a wá kọ̀ǹpútà kẹta, kí òun ti káàdì méjì tí wáyà ń wọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kí ọ̀kan gba wáyà iwájú, kí èkejì gba wáyà ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni kí fódà máa gbé, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò sì máa bá a níbẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí nọ́ńbà. Alárinà ni yóò jẹ́. Ọ̀gá mi fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan sílẹ̀, àbúrò ra káàdì. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò wà? Ẹ̀gbọ́n kò gbà kó wà ní ẹ̀yìn, àbúrò kò gbà kó wà ní iwájú. Ìyá ló yanjú rẹ̀ láti orí ibùsùn wọn.

"Ẹ gbé e wá sí yàrá mi. Èmi ni mo bí yín, màá lè gbé e."

Lọ́jọ́ tí a tò ó tán, fódà ṣí ní iwájú, ó ṣí ní ẹ̀yìn. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè. Ìyá mú aṣọ òfì àtijọ́ kan, wọ́n fi bò ó, wọ́n ní kí eruku má baà dà á láàmú. Ní ọjọ́ kejì, mo dé ibi iṣẹ́, mo tẹ fódà, kò ṣí.

Mo yẹ wáyà wò. Mo yẹ nọ́ńbà wò. Kò sí ohun tó yẹ̀. Ọ̀gá mi kùn, ó gba ilẹ̀kùn iwájú wọ yàrá Ìyá, àbúrò náà gba ti ẹ̀yìn wọlé nítorí tirẹ̀ náà kò ṣí. Wọ́n bá ara wọn nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ti kú. Ọ̀gá mi ní iná ló fà á. Wọ́n tàn án. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kì í tètè jí, o lè lọ din àkàrà kó o tó dé bá a. Wọ́n dúró, ọ̀kan ń wo àjà, ọ̀kan ń wo ilẹ̀. Ìyá ní, "Ẹ ò lè jókòó ni?" Wọn kò jókòó.

Bí ó ṣe ń rí láràárọ̀ nìyẹn. Mo pààrọ̀ wáyà, mo fẹ̀sùn kan eku, mo fẹ̀sùn kan ooru, mo ní káàdì tí àbúrò ọ̀gá rà ni kò dáa, ìyẹn sì fẹ́ dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Ẹnjiníà wá, ó ní ohun gbogbo pé. Níkẹyìn, mo pinnu láti tètè dé kí n lè fi ojú ara mi rí ohun tó ń pa ẹ̀rọ náà. Ilẹ̀kùn Ìyá ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àdúrà ni. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí aṣọ òfì lórí ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, wọ́n pa á. Wọ́n tún fi aṣọ bò ó dáadáa, wọ́n lọ jókòó, wọ́n ń retí. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà.

"Màmá, ẹ̀yin ni?"

Ìyá kò tilẹ̀ ta gìrì. "Èmi ni. Wọlé, kó o pa ilẹ̀kùn dé." Wọ́n fi ọwọ́ gbá ibùsùn kí n jókòó. "Ṣó o rí i, bó bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ta ni yóò wá? Lánàá, ẹ̀gbọ́n jókòó sétí ibùsùn yìí. Àbúrò bi í bóyá orí ń fọ́ ọ. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Má ba iṣẹ́ mi jẹ́ o."

N kò bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni pé mo gba owó oṣù lásán. Ó ní òun máa gbé ẹ̀rọ burúkú náà kúrò, kí á padà sí díìsìkì, kí òun sì wá ẹni tó mọ iṣẹ́. Mo mọ ohun tó ń pa ẹ̀rọ, mo sì ń wo ojú ọ̀gá mi, mò ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n tún un wò, sà." Èmi tí mo gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ sínú férémù, mo wá di ẹni tó ń ṣe òpè láràárọ̀. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo Ìyá tí wọ́n ń retí lórí ibùsùn, ẹnu mi kì í gbà á.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àkàrà sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń dúró de ẹ̀rọ kò kúkú dí, ó lè jẹ àkàrà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ọ̀gá mi ń kọ orin kan láti inú ìwé náà, àbúrò ní kì í ṣe bí bàbá ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, òun náà kọ tirẹ̀. Wọ́n jiyàn. Ẹ̀rọ ti jí tipẹ́, wọn kò mọ̀.

Nígbà tó di àkókò ọyẹ́, mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ètè mi ti gbẹ. Mo tan kọ̀ǹpútà. Mo tẹ fódà bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ti ń múra ohun tí màá sọ fún ọ̀gá. Fódà ṣí.

Àyà mi já. Mo jókòó, mò ń wo àwọn orin tó tò sílẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó pa ẹ̀rọ. Ìyá kò dìde láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe dé yàrá wọn, n kò mọ̀. N kò kan ilẹ̀kùn, n kò kí ẹnikẹ́ni.

Ìyá wà lórí ibùsùn, ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n ń rún pákò. Nílẹ̀, lórí ẹní kan ṣoṣo, ọ̀gá mi àti àbúrò rẹ̀ jókòó, ewé àkàrà wà láàárín wọn, orin ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí. Ẹ̀rọ ń kùn lábẹ́ aṣọ òfì. Ẹnikẹ́ni kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni ọ̀gá mi bèèrè. "Kò tún ṣí ni?"

"Ó ṣí, sà."

"Kí ló wá ń lé ẹ?"

Omi ti lé sí mi lójú. Ìyá ló gbà mí sílẹ̀, wọ́n ní, "Jókòó, jẹ àkàrà."

Ìwé orin jáde kí ìkórè tó dé. N kò ní parọ́ fún yín pé ohun gbogbo dára. Búlọ́ọ̀kù ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò kúrò títí tí mo fi fi ibẹ̀ sílẹ̀, pátákó kò sì rí ọ̀dà tuntun. Yàrá Ìyá ni gbogbo wa ń gbà kọjá, oníbàárà pàápàá ń gba ibẹ̀, wọ́n á sì dọ̀bálẹ̀ tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀ kí Ìyá kí wọ́n tó yọ sí òdìkejì. Wọ́n sọ pé bí ojú bá mojú tán, alárinà á yẹ̀bá. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà jóná, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹnjiníà yí nọ́ńbà òun sí ti àbúrò òun. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Ìyá sùn, mo lọ síbi ìsìnkú wọn, mo sì rí àwọn méjèèjì tí wọ́n jókòó ti ara wọn, kì í ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí. Nǹkan ti rọrùn, àwọn ọmọ ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láti orí fóònù kí n tó pajú dé. Bí àwọn oníbàárà bá gbé ẹ̀rọ wá pé kò mọ èkejì rẹ̀ mọ́, mo máa ń rọra bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ́fíìsì wọn kí n tó fọwọ́ kan wáyà. Wọ́n rò pé eré ni. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá tẹ fódà kan tó sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, àyà mi a kọ́kọ́ já ná.