Ọmọ Tí Mo Gbé Lọ sí Àbújá

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ni pé ọ̀gá kì í sábà sí lórí sítì. Ẹni tó bá ti ní nǹkan í bá ìjọba ṣe rí mọ ohun tí mò ń wí. O lè wà nínú yàrá, kó o máa jẹ ẹ̀pà, kí akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa sọ fún àlejò pé, "Wọn ò sí lórí sítì, wọ́n wà ní mítíìnì." Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀, bí mo ṣe bá a nìyẹn. Akọ̀wé tí mo bá níbẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí, ló là mí lóye pé bí mo bá ń jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá dé wọlé, mi ò ní lè ṣiṣẹ́ kankan. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá, ará ilé wa ni, láti Ìfọ̀ dé Àgbàdo. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti dépò l'Àbújá, kó máa pín iṣẹ́ bí ẹni ń pín sàárà ni.

Màmá wa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìfọ̀ ni màmá ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ta àwo àti ìkòkò títí ẹsẹ̀ fi dá a jókòó sílé. Lọ́dún tí wọ́n gbé mi lọ sí Àbújá, ó ní kí n mú àbúrò mi ọkùnrin dání. Àbíkẹ́yìn wa nìyẹn. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe ní Mowé, ó ń jó géètì àti irin ojú fèrèsé fún àwọn tó ń kọ́lé káàkiri Mowé àti Ìbàfò. Ilé ń hù níbẹ̀ bí olú, iṣẹ́ ò sì wọ́n ọn. Kò fẹ́ràn Àbújá rárá. Ó wá kí mi lẹ́ẹ̀kan, kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní irú ìlú wo lẹ̀ ń gbé yìí, téèyàn ò ní gbọ́ kí wọ́n pariwo mọ́ra wọn láàárọ̀? Mo bínú, mo ní kó má fi ìlú mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n padà sídìí iná mi."

Ká má paró, kò jayò pa. Nínú ẹ̀sítéètì tí mò ń gbé, mi ò mọ orúkọ ẹni tí géètì rẹ̀ dojú kọ tèmi. Bí ọdún bá dé, gbogbo ìlú á tú lọ sílé, á wá ku èmi àti àwọn sẹ̀kíríìtì. Ní ọ́fíìsì ńkọ́? Bí mo bá ṣẹ̀fẹ̀ tí kò pani lẹ́rìn-ín, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi mú wọn. Bí mo bá wọ aṣọ tí kò yẹ mí, wọ́n á ní ó gbayì lára mi. Àbúrò mi yìí nìkan ló kù tó lè wojú mi kó ní, "Àǹtí, ẹ ti ń sanra jù, ẹ fi iyán sílẹ̀." Mo máa ń bú u, inú mi á sì máa dùn.

Òun ló sì sún mọ́ màmá jù nínú wa. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bó bá ti kírun tán ní Mowé, á wọ ọkọ̀, á tún bọ́ sí òmíràn, ó di Ìfọ̀. Á gbọ́ ẹjọ́ gbogbo àdúgbò lẹ́nu màmá. Á gé èékánná ẹsẹ̀ fún un, torí màmá ò lè bẹ̀rẹ̀ dé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́ àwọn ọjọ́ yòókù, á pè é lórí fóònù, wọ́n á máa bá ara wọn ṣàwàdà.

Ọkọ̀ tó kó yanrìn ló gbá ọ̀kadà tó gbé e, lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní Ìbàfò, níbi tó ti ń lọ wọn géètì oníbàárà kan. Nígbà tí wọ́n pè mí, wọn ò sọ pé ó kú. Wọ́n ní ara rẹ̀ ni kò yá díẹ̀, kí n máa bọ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo mọ̀ pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ní kéèyàn wọ bàálù nítorí ara tí kò yá díẹ̀. Mo ti sunkún tán nínú bàálù kí n tó dé Èkó. Nígbà tí mo fi máa dé Mowé, wọ́n ti sin ín, bí a ṣe ń sin Mùsùlùmí, wọn ò lè dúró dè mí.

Inú yàrá rẹ̀ ni mo bá wọn. Àbúrò ìyá wa wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń kírun fáwọn èèyàn ní mọ́sáláṣí àdúgbò wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Àlùfáà. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Àgbàdo náà wà níbẹ̀, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì olóògbé. Mo ní ta ló wà lọ́dọ̀ màmá. Wọ́n ní màmá ò tíì gbọ́. Mo ní ìgbà wo wá ni a ó sọ fún un?  Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé màmá dé ọsibítù rí, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ká má jẹ́ kí nǹkan já a láyà. Bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru pàápàá, ta ni yóò la ẹnu sọ fún ìyá arúgbó pé ọmọ tó bí kẹ́yìn ti lọ ṣáájú rẹ̀?

Àlùfáà ló yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ lo wà l'Àbújá. Jẹ́ kó jẹ́ pé o ti mú un lọ. Ṣebí ohun tí ìyá ẹ ń bẹ̀ ọ́ fún látọjọ́ yìí nìyẹn?"

Mo ní, "Àlùfáà, irọ́ ni o."

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ fi òótọ́ pa ìyá ẹ ni?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Èmi tí ogójì èèyàn ń dìde dúró fún bí mo bá wọlé! Ọmọ ni mí níwájú wọn, kò sí ipò kankan tí mo lè fi dá Àlùfáà lóhùn. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìfọ̀.

Mo sọ fún màmá pé iṣẹ́ ńlá kan ló yọ lójijì, pé kíá ni wọ́n ń fẹ́ ẹ, pé ó ti wọ bàálù. Inú màmá dùn débi pé ó dìde láì di ògiri mú. Ó ní, "Kò wá dágbére fún mi?" Mo ní, "Wọ́n kán an lójú ni, màmá." Ó tún jókòó, ó ní kò burú, pé bí iṣẹ́ Àbújá ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó wá ń ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá bá òun yọ̀. Wọ́n wá. Gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí i kú oríire, ìyá kan tó jẹ́ aládùúgbò ò sì lè dìde lórí ìkúnlẹ̀ mọ́, àwa la fà á sókè. Màmá ní ayọ̀ ló ń pa á lẹ́kún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo padà dé Àbújá, màmá pè. "Fún mi ní àbúrò ẹ." Ọ́fíìsì ni mo ṣì wà, akọ̀wé mi gbé fáìlì dúró níwájú mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu ni, "Kò sí lórí sítì, màmá. Ó wà ní mítíìnì." Akọ̀wé mi wò mí, ó rọra gbé fáìlì náà jáde. Kí ni wẹ́dà ń wá ní mítíìnì? Màmá ò bi mí bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti dé Àbújá, ọ̀gá ti ni. Ó kàn ní, "Á dáa. Bó bá jáde, kó pè mí."

Bí mo ṣe di akọ̀wé àbúrò mi nìyẹn. Ó wà ní mítíìnì. Wọ́n rán an lọ sí Kàdúná. Níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù wọlé. Ó ní kí n kí yín. Bí mo bá ti rí nọ́ńbà màmá lójú fóònù, mo ti ń wá ibi tí n ó ní ó wà. Mo ra aṣọ, mo ní àbúrò mi ló rà á. Màmá dúpẹ́, ó wá ní, "Kí ni n ó fi aṣọ ṣe? Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́." Àbúrò mi obìnrin wá dá a lábàá pé ṣé kí ọkọ òun máa fi ohùn olóògbé bá màmá sọ̀rọ̀, torí ohùn wọn jọra díẹ̀. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọdún Iléyá dé. Màmá ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ àgbò kan sílẹ̀, pé ọmọ òun ń bọ̀, pé kò sí mítíìnì tó lè dá ọmọlúàbí dúró lọ́dún Iléyá. Wọ́n yan ẹsẹ̀ àgbò náà, wọ́n tún un yan, ó gbẹ bí igi. Èmi nìkan ni mo dé. Màmá wo ẹ̀yìn mi lọ sójú títì fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n wọlé kí n jẹun. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ bá a gé èékánná, màmá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Láti ìgbà yẹn, màmá ò béèrè rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ara ti tù mí nìyẹn, àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, ará Àgbàdo, ló pè mí pé màmá ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i pé ọmọ òun ọkùnrin ti ya aláìmoore. Ó ní owó ti gùn ún. Ó ní ká tiẹ̀ ní òun bí ọmọ mìíràn tẹ̀ lé e ni, òun ì bá ti gbàgbé rẹ̀. Inú bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ méjì lọ́jọ́ Jímọ̀! Nínú gbogbo wa, òun ni kò gbàgbé ìyá rí, òun la wá fi ṣe aláìmoore, kò sì lè yanu kó gbèjà ara rẹ̀. Mo pe Àlùfáà, mo ní mi ò ṣe mọ́, mò ń lọ sọ òótọ́.

Ó ní, "Bó bá ṣubú lulẹ̀, ọrùn ẹ ló wà o."

Mo ní, "Kó wà lọ́rùn mi, sà."

Ọ̀sán ni mo dé Ìfọ̀. Màmá wà lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ti rù gan-an. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀gá Àbújá. Ṣé kò sí?" Mo ní kò sí, màmá. Mi ò tíì jókòó tó fi ní, "Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni yẹn lo bá wá, gbé e padà. Bí mo bá kírun tán, mo máa ń pe orúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó tọrọ fún yín. Mo ti yọ tirẹ̀ kúrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti yọ ọ́."

Ibẹ̀ ni orúnkún mi ti kanlẹ̀. Mo ní, "Màmá, kò dé Àbújá. Mi ò mú un lọ síbì kankan. Ó ti kú, màmá. Ọkọ̀ ló gbá a ní Ìbàfò. Wọ́n ti sin ín kí n tó wá sọ fún yín pé ó ti lọ."

Màmá ò ṣubú. Gbogbo bí a ṣe ń bẹ̀rù tó, kò ṣubú. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Àlùfáà ni, màmá."

"Ibo lẹ sin ín sí?"

"Mowé ni."

"Nígbà Iléyá, ó ti wà nílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ wá jókòó, gbogbo yín, ẹ ń wò mí, mò ń bá òkú ọmọ mi jà."

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin la rò. Ẹ̀mí yín la rò." Mo sunkún, mo gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kò tì mí sẹ́yìn, kò sì fọwọ́ kàn mí. Ó ní kí n bu omi sínú búútà wá. Mo bu ú wá, mo fẹ́ bá a da omi sí i lẹ́sẹ̀, ó gba búútà náà lọ́wọ́ mi. Ó ṣe àlùwàlá fúnra rẹ̀, ó pẹ́ gan-an kó tó ṣe é tán. Ó kírun lórí ìjókòó. Nígbà tó sálámà, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó pe orúkọ àbúrò mi. Ó tún un pè. Ó ń pè é títí ohùn rẹ̀ fi há, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má fi ti gbogbo ìgbà tóun ò fi pè é ṣe. Lẹ́yìn náà ló pe ti bàbá wa tó ti kú. Ó pe ti ará Àgbàdo àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe ti Àlùfáà pàápàá. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń dúró de tèmi. Ó ní àmín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú.