Ọkọ̀ Tí Kò Lè Jáde, Ọkọ̀ Tí Kò Lè Wọlé

Ọkọ̀ Mustang méjì ni mo mọ̀ láyé mi, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe àwọn méjèèjì. Ọ̀kan wà nínú agbo ilé wa nísàlẹ̀ Mápó, kò lè jáde mọ́. Èkejì jẹ́ ti ọmọ mi, kò lè wọlé.

Òyìnbó kan tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà èwe mi ló ta tèmi fún mi nígbà tó ń padà sí ìlú wọn. Nígbà tó yá, àwọn ìbátan mi ń kọ́ yàrá kún yàrá, títí wọ́n fi dí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń gbà jáde. Kí n tó fura, ọkọ̀ ti di ará ilé. Adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi kan ṣoṣo ti Amẹ́ríkà dé, ó sì ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé Mustang tirẹ̀ wá ṣáájú, tuntun tó ń dán. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni mo ti ń dá gbé. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kó sùn nílé, bó ṣe alẹ́ kan péré. Mo sá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sóòrùn, mo ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun ní Òjé, mo tẹ́ ẹ.

Ó ní kí n kọ́kọ́ wá gun ọkọ̀ òun ná. Ẹ̀bá títì ló gbé e sí, torí ọ̀kadà méjì ò lè pàdé lójú ọ̀nà tiwa. Kò yí kọ́kọ́rọ́. Ó tẹ bọ́tìnì, ọkọ̀ bú lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Tèmi kì í dákẹ́ nígbà tó ṣì ń jáde. Bí mo bá ti ṣáná sí i láàárọ̀, gbogbo Ọjà'ba ló mọ̀ pé mo ń lọ síbi iṣẹ́. Bó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, èèyàn á ti tètè máa tẹ bíréèkì, á máa gbàdúrà pẹ̀lú. Ti ọmọ mi dúró níbi tó ní kó dúró. Ohùn obìnrin kan tún ń sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń júwe ọ̀nà Bẹẹrẹ fún èmi tí wọ́n bí síbẹ̀.

Mo gbà, tirẹ̀ dáa jù. Ó yá, ó tutù, ìjókòó rẹ̀ kì í jó ni nídìí lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ dúdú. Láyé ìjelòó, nínú tèmi, apá mi á yọ síta fèrèsé, mi ò sì ní sinmi ìkíni títí n ó fi kọjá. Lọ́jọ́ yìí, àwọn èèyàn ń wo ọkọ̀, wọn ò rí mi. Láti Mápó dé Bẹẹrẹ, ẹnì kan ò kí mi. Ó dùn mí.

Nígbà tí a padà, ó bá mi wọlé, ó jẹun. Ó nu eruku kúrò lára ẹṣin irin kékeré tó jẹ́ àmì Mustang níwájú ọkọ̀ mi, ó ní òun rántí bóun ṣe máa ń sùn sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Inú mi dùn, mo rò pé yóò sùn nílé. Ó wo aago.

“Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè fi mọ́tò yẹn síta mọ́jú. Òtẹ́ẹ̀lì ní gáréèjì.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé gáréèjì nìwọ náà máa sùn ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sìn ín dé títì. Nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kì í pariwo, kò pẹ́ tí mi ò fi gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí mo délé. Mo ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun náà, mo gbé e jáde sí àgbàlá, mo fi bo Mustang mi láti imú dé ìdí. Òun ló kúkú ń sùn nílé.