Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Bá A Dáhùn

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ìdáríjì, kó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ tẹnu mi ná.

Àdìrẹ ni bàbá mi ń tà ní Ìtòkú, èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo sì ń bá a tajà. Nígbà tí àwọn sójà tún gbàjọba, tí oògùn wọ́n gógó, ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó fi pa mọ́ fún wa, torí ọkùnrin tí ìtọ̀ bá ń dà láàmú, àtọ̀sí ni àdúgbò máa ń pè é. Ìgbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún débi pé kò lè gbé ìdì aṣọ mọ́ ni mo tó fi tipá mú un lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, ó wà nínú kókó kan lábẹ́ àpò ìtọ̀, ó sì ti ń wọ egungun. Wọ́n ní kí wọ́n yọ kóró ẹpọ̀n rẹ̀ ni kò fi ní máa ràn sí i. Bàbá mi dìde, ó so ṣòkòtò rẹ̀, ó ní òun ò ní lọ bá Ọlọ́hun ní ààbọ̀ ọkùnrin.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà wa ló là mí lójú. Ó ní àwọn dókítà kan wà n'Íbàdàn tí wọ́n ń dán abẹ́rẹ́ tuntun wò lára àwọn tó ní irú àrùn yìí, bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ tí ọ̀bẹ ń ṣe.

"Wọn ò ṣèlérí ìwòsàn o," ló wí. "Wọ́n ń wò ó ni."

Mo lọ sí Ìbàdàn fúnra mi, mo ń béèrè kiri títí mo fi rí dókítà náà. Ó ní àyè ṣì kù, kí n mú un wá, ṣùgbọ́n bàbá mi fúnra rẹ̀ ni yóò fẹnu ara rẹ̀ gbà.

Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́ fún bàbá mi. Ẹ̀rín ló rín.

"Ṣebí àkísà la máa ń kọ́kọ́ tì bọ aró, ká tó ti odindi aṣọ bọ̀ ọ́," ó ní. "Kí wọ́n ti èmi bọ̀ ọ́ wò."

Ó wá ní a gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n òun, Àlájì tó wà ní Òwu, torí kò sí ohun tí à ń ṣe nílé wa lẹ́yìn rẹ̀. Àlájì ní òun yóò bá wa lọ.

N'Íbàdàn, Àlájì ló jókòó sórí àga tó sún mọ́ dókítà jù. Dókítà ṣàlàyé kalẹ̀ ní Yorùbá tó já gaara, ó wá kọjú sí bàbá mi: "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá wa ṣe é?"

Àlájì ló dáhùn. "Olójú kì í lajú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Ẹ ò ní fi àbúrò mi kọ́ṣẹ́."

"Ẹ má bínú, sà," ni dókítà wí. "Ẹnu àwọn gan-an ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Bàbá mi, onírùngbọ̀n funfun, tẹrí ba bí ọmọdé. "Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá wí náà ni."

Mo lanu. Àlájì ní kí n pa á dé níbi tí àgbà wà. Dókítà wo bàbá mi títí, ó sì ní kí ẹni tó kàn wọlé.

Nígbà tí a délé, mo bi bàbá mi pé kí ló dé.

"Ṣé kí n dójú ti ẹ̀gbọ́n mi níwájú àlejò ni?"

Inú bí mi sí òun náà. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn, tí èèyàn fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san? Ó joró. Egungun itan rẹ̀ kán níbi tó jókòó sí, Iléyá ò sì bá a láyé. Àlájì ló wà níwájú níbi ìsìnkú, tó ń sọ fún àwọn èèyàn pé àkókò ló tó.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Àlájì wá sí ìsọ̀ mi. Kò mú ọmọ wá, kò mú ìyàwó wá. Ó dúró títí àwọn oníbàárà fi lọ tán.

"Abẹ́rẹ́ Ìbàdàn ìjọsí yẹn," ó ní, "ṣé wọ́n ṣì ń wá èèyàn? Àrùn bàbá rẹ ti mú èmi náà."

Ó wà lẹ́nu mi pé kó lọ pe ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ wá. Mo gbé e mì, nítorí bàbá mi, mo sì mú un lọ. Oògùn mìíràn ni wọ́n ń dán wò lọ́tẹ̀ yìí. Dókítà ò tíì bi í léèrè tán tí Àlájì fi ní, "Mo fẹ́ ẹ."