Ìyá Abẹ́rẹ́ Dé Ilé Ara Rẹ̀

Ní Òkè-Àfá, bí ẹ bá rí ọmọdé tó ju gúgúrú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí, ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè ohun tó rí. Àjíbíkẹ́ ló ń kọjá. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn tó ń fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kiri ojúlé, kò sì sí itan ọmọ kan láti Òkè-Àfá títí dé Èjìgbò tí kò mọ̀. Àwọn ìyá ń pè é ní Ìyá Adémidé. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ìyá Abẹ́rẹ́, wọn kì í sì í dúró pè é parí.

Nígbà tí àwọn dókítà yunifásítì kan wá ṣe ìwádìí nípa àwọn ọmọdé tí ọpọlọ wọn ń dàgbà lọ́nà ọ̀tọ̀, àwọn tí kò tètè sọ̀rọ̀, àwọn tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, àwọn tí kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré, ẹni tó mọ àdúgbò ni wọ́n ń wá: ẹni tó mọ ilé tí a ń kan ìlẹ̀kùn àti ilé tí a máa ń kọ́kọ́ kí ajá kí a tó kí onílé. Gbogbo ọwọ́ nà sí Àjíbíkẹ́. Wọ́n fún un ní àwọ̀lékè aláwọ̀ búlúù, fóònù ńlá tí àwọn ìbéèrè wà nínú rẹ̀, àti káàdì àgbékọ́rùn tó ní fọ́tò rẹ̀, níbi tó ti dijú mágbárí bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.

Iṣẹ́ náà kò le lẹ́nu. Wọlé, kí ìyá ọmọ, bi í ní ìbéèrè. Ọmọ tí ìdáhùn ìyá rẹ̀ bá mú ìfura wá, wọn yóò ní kí wọ́n gbé e wá sí Ìsọlọ̀, níbi tí Dókítà Kọ́láolúwa yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọn yóò sì máa kọ́ tìyá-tọmọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Èkó, bí ènìyàn bá gbọ́ “ọ̀fẹ́”, àpò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀ wò.

Ìyọnu àkọ́kọ́ ni kíka ọmọ. “Ọmọ mélòó lẹ bí?” Gbogbo ilé ló ń dáhùn pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àjíbíkẹ́ yí i padà: “Ta ni àkọ́bí? Ta ló tẹ̀ lé e?” Bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ni ó ń fi ìka kà á lẹ́yìn, bí ẹni tí ẹ̀yìn ń yún.

Ìbéèrè ojú ló wá fẹ́ ba ìwádìí jẹ́. Òkè òkun ló ti wọkọ̀ wá, kò sì mọ irú ilé tó wọ̀: “Ǹjẹ́ ọmọ yín máa ń wò yín lójú bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀?”

Ìyá Ṣíjúadé, télọ̀ kan ní Èjìgbò, yọ píìnì lẹ́nu. “Kó máa wo ta lójú? Ṣíjúadé! Jáde níbẹ̀!”

Ọmọ náà yọ orí lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ṣé o máa ń wò mí lójú?”

“Rárá, mà,” ni Ṣíjúadé wí. Ojú rẹ̀ wà lára bàtà Ìyá Abẹ́rẹ́, kó lè tètè mọ̀ bí bàtà náà bá gbéra.

“Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù yín dáadáa. A kọ́ ọmọ nílé yìí.”

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ tó ń wo ìyá rẹ̀ lójú mọ́ láti Òkè-Àfá dé Èjìgbò. Bí a bá gba fóònù gbọ́, ọmọ kan ṣoṣo ni ara rẹ̀ dá ní gbogbo àdúgbò, ọmọ lándíláàdì kan báyìí, ẹni tí gbogbo ènìyàn ti gbà tipẹ́ pé kò lẹ́kọ̀ọ́.

Dókítà Kọ́láolúwa wo àbájáde yìí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. “Ẹ̀yin àǹtí, bí mo bá wo màámi lójú nígbà tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣé ojú ọ̀hún á ṣì wà lórí mi lónìí? Kí ni ká wá bi wọ́n?”

Memunat, tí òun àti Àjíbíkẹ́ jọ ń ṣiṣẹ́, ní kí wọ́n bi wọ́n nípa eré. Dókítà ní ìyẹn dára, àmọ́ ó kù díẹ̀. Àjíbíkẹ́ ní kí wọ́n fi bisikíìtì bi wọ́n. Kí ìyá gbé bisikíìtì sókè, kó má tíì fún ọmọ. Ṣé ọmọ á wo bisikíìtì, kó tún wo ojú ìyá rẹ̀, láti mọ èrò ọkàn rẹ̀? Ẹ̀kọ́ ilé kì í di ojú ọmọ tó ń tọrọ.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè bisikíìtì, ara gbogbo Èjìgbò ti dá. Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì kan gbọ́ ni, wọn ì bá gbé ẹ̀rí rẹ̀ sórí pátákó.

Àwọn díẹ̀ ṣẹ́ kù tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òótọ́. Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ni Àjíbíkẹ́ fi mú wọn. Bí ìyá kan bá ní, “Bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀,” á ní, “Ṣé bàbá ti wá ń sọ̀rọ̀ báyìí? Ẹ jẹ́ ká mú àwọn méjèèjì lọ.” Ìyá á rẹ́rìn-ín, á sì gbé ọmọ. Kò sí ilé tí ẹnu rẹ̀ kò ṣí.

Àfi ilé kan tó máa ń gbà kọjá.

Nínú ilé yẹn, tó jẹ́ ilé tirẹ̀, ní yàrá kan tó kọjú sí kànga, Adémidé ọmọ rẹ̀ wà, ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Òun nìkan ni ọmọ tí kì í sá fún Ìyá Abẹ́rẹ́. Àwọn ènìyàn ní ìyá rẹ̀ ni, ṣé ó yẹ kó sá ni? Wọn kò rí i pé kì í sáré lọ pàdé rẹ̀ náà. Ìdérí ìgò mínírà ló máa ń tò láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, pupa lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, kò ní yíjú. Ó ti sọ “omi” rí, ó ti sọ “mọ́mì” rí, ó wá kó méjèèjì kúrò nílẹ̀ bí ẹni tí rẹ́ǹtì rẹ̀ tán. Ọláyanjú ọkọ Àjíbíkẹ́, tó ń tún ara mọ́tò ṣe ní Ìsọlọ̀, ní ariwo òòlù tòun ti tó fún ilé kan. Ìyá ọkọ ránṣẹ́ láti Ìwó pé ọmọkùnrin kì í tètè fọhùn.

Àjíbíkẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Òfin iṣẹ́ ni pé aṣèwádìí kò gbọdọ̀ bi ilé ara rẹ̀. Òfin tó dára ni, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi dì í mú.

Ọjọ́ Ẹtì ni dókítà yóò gba àwọn ọmọ Òkè-Àfá kẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò tún padà wá. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Memunat kan ìlẹ̀kùn, tòun ti àwọ̀lékè búlúù.

“Ẹ kúulé o, ẹ̀gbọ́n.”

“Memunat, kí lo gbàgbé síbí?”

“Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Iṣẹ́ ló gbé mi wá. Ilé yín nìkan ló kù ní àdúgbò yìí. Ọmọ mélòó lẹ bí?”

“A kì í ka ọmọ fún…” Àjíbíkẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Memunat kò rẹ́rìn-ín. “Ta ni àkọ́bí? Ta ló tẹ̀ lé e?”

“Adémidé ni. O ò mọ̀ ni?”

“Èmi mọ̀. Fóònù ni ò mọ̀. Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?”

“Bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.”

“Bọ̀dá Ọláyanjú? Tí wọ́n bú mi dé ìdílé lánàá torí mo fara ti mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn? Ẹ jẹ́ ká mú àwọn méjèèjì lọ.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àjíbíkẹ́ kó tó mọ̀. Ó wò yíká bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.

“Ó wá ku ti bisikíìtì,” ni Memunat wí.

“Má bi mí níyẹn.”

“Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀.” Ó yọ bisikíìtì nínú báàgì. Àjíbíkẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó ṣọ́ra kó má baà da ìdérí rú. Ó gbé bisikíìtì sókè. Ojú Adémidé bá a lọ sókè. Ó gbé e sọ́tùn-ún, ojú bá a lọ. Ó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀ gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kan ìpéǹpéjú.

“Adé mi.”

Ọmọ náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, bí ẹni di ọwọ́ ṣíbí mú, ó fà á wálẹ̀. Bisikíìtì ló ń wò. Memunat tẹjú mọ́ fóònù, bẹ́ẹ̀ iná fóònù ti kú.

“Bisikíìtì ló ń wò,” ni Àjíbíkẹ́ wí. “Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi.”

Adémidé jẹ ìdajì bisikíìtì. Ó to ìdajì kejì sáàárín pupa àti ewé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Àjíbíkẹ́ pọ̀n ọ́n lọ sí Ìsọlọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan orúnkún rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní, “Àǹtí, àwọ̀lékè dà?”

“Iṣẹ́ kọ́ ni mo wá ṣe.”

Bí ó ti yọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n sá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, aṣọ ìyá wọn ni wọ́n fi bojú. Àwọn ìyá tí òun fúnra rẹ̀ ti rọ̀ kí wọ́n tó gbé ọmọ wá, wọ́n wò ó, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti bá a jà kó tó gbà láti wá, ní, “Ìyá Adémidé, ibi tí àwa ń jókòó sí rèé. Ọ́fíìsì yín wà lọ́hùn-ún.”

“Mo mọ̀,” ni Àjíbíkẹ́ wí, ó ń tú ọ̀já. “Ẹ sún fún mi.”