Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ẹnu ara mi fà fún mi lẹ́nu iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní Adó-Èkìtì níbí. Lọ́dún tó kọjá, mo wà lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí HIV. Àwọn tí kòkòrò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara wọn, àti ọkọ tàbí ìyàwó wọn, là ń wá. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni HIV ní, a sì fẹ́ mọ èyí tó ń tàn ká lágbègbè wa.

Bàbá Tóyìn (kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an o!) jẹ́ kápẹ́ńtà ládùúgbò Adébáyọ̀ níbí. Ìyàwó rẹ̀ ń ta aṣọ ọmọdé ní Fájuyì. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn méjèèjì ní HIV, àti pé ti ọkọ kò tíì pẹ́ lára rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an la fún wọn ní oògùn. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa kópa nínú ìwádìí.

Èrò pọ̀ níta lọ́jọ́ yẹn, ó sì ti rẹ̀ mí. Dípò kí n farabalẹ̀ ṣàlàyé ìwé tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí, mo kàn sọ pé, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín á jẹ́ ká mọ ibi tí kòkòrò yìí ti wá."

Kíá ló fọwọ́ sí i! Ṣé mo bi ara mi pé kí ló ń sáré sí? Rárá o.

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ìyá Tóyìn nìkan wá gba oògùn. Ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú. Nígbà tí mo bi í, ó ní ọkọ òun kì í bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, èsì ìwádìí wa ló ń dúró dè. Ó ní ọkọ òun sọ pé bí kòkòrò ara àwọn méjèèjì bá jẹ́ ẹ̀yà kan náà, a jẹ́ pé òun ìyàwó ló kó o ràn án, kí òun sì palẹ̀ mọ́ padà sílé bàbá òun ní Ìyìn. Ó ní nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ òun.

Nọ́ọ̀sì wo? Èmi mà ni!

Mo lọ jẹ́wọ́ fún dókítà tó ń darí wa. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní kí n lọ tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe.

Mo pè wọ́n, wọ́n sì wá lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n fi àga kan sáàárín ara wọn. Bàbá Tóyìn kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún un. Kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ulé mi!"

Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pe ilé ní ulé, kí lẹ máa mọ̀?"

"Pé ará Èkìtì ni."

"Ṣé ẹ lè mọ ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà?"

Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀yẹn, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo àwọn làwọn ń sọ ọ́.

"Bí ẹ̀yà kòkòrò yìí ṣe rí nìyẹn. Irú kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í sọ ẹni tó gbé e wá."

Mo tọrọ àforíjì. Mo ní èmi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà, àti pé bí wọ́n bá fẹ́ kúrò nínú ìwádìí, oògùn wọn kò ní dáwọ́ dúró.

Ìyá Tóyìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Mi ò mọ ibi tí tèmi ti wá. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti sọ. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Tóyìn? Ṣé ẹ mọ̀?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀ títí. Nígbà tó yá ó dìde, ó gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ dání, ó ní kí wọ́n máa lọ kí oòrùn tó mú jù.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan dùn bí oyin láti ọjọ́ náà. Wọ́n yọ ara wọn kúrò nínú ìwádìí. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà kan náà ni wọ́n jọ ń gùn wá gba oògùn báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo sọ fún Bàbá Tóyìn pé kòkòrò ara rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò rí i mọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Ti Ìyá Tóyìn ńkọ́?" Ìyàwó rẹ̀ mi orí sí mi pé kí n sọ ọ́. Mo ní tiẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tọ́jú èèyàn, ẹ má ṣe ṣàlàyé ààbọ̀ o! Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń tọ́jú, ẹ béèrè títí ọ̀rọ̀ á fi yé yín. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ fún yín nílé ìwòsàn ti fẹ́ da ilé yín rú rí? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ fi orúkọ pamọ́. Èmi náà fẹ́ gbọ́, kí n lè mọ ẹnu mi í ṣọ́.